Ọ̀pá Ilẹ̀ Tí Friday Gé Kúrú Nílé Àna

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka ojú ewé yìí, ẹni tó ni ìtàn yìí ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi, ó sì ní n kò gbọ́dọ̀ fi orúkọ òun pamọ́. Ó ní ìtìjú rẹ̀ ti tó òun jẹ, kí àwọn ẹlòmíì wá bá òun tọ́ ọ wò. Nítorí náà, ẹ bá mi fi í rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín jù o, torí kò sí ẹni tó mọ ohun tí ẹ̀yin náà ti rì mọ́ ẹ̀yìnkùlé onílé.

Friday ni orúkọ rẹ̀. Oníṣẹ́ iná ni ní Kabba, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́. Mo ní ọwọ́ rẹ̀ mọ́ torí pé kò fẹ́ kí ìdọ̀tí kàn án rárá. Bí ẹ bá rí i lórí àkàbà pẹ̀lú ṣòkòtò funfun báláú, ẹ ó rò pé ẹgbẹ́ akọrin ló ń lọ.

Ọmọbìnrin tó ń fẹ́ ni Ọmọ́tọ́lá, ọmọ Ìyá Tíṣà. Christiana ni orúkọ Ìyá Tíṣà gan-an, ṣùgbọ́n ta ló jẹ́ pè é? Ọdún márùndínlógójì ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ìlú ló sì ti jẹ pàṣán wọn rí.

Bàbá Ọmọ́tọ́lá ti di olóògbé. Emmanuella, àkọ́bí, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì l'Ábújá, ló dúró sí ipò bàbá. Ìyá Tíṣà ti là á mọ́lẹ̀ fún Friday láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Bí Emmanuella kò bá ní bẹ́ẹ̀ ni, a ò ní gba lẹ́tà ìtọrọ lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ, bí wọ́n tilẹ̀ fi wúrà kọ ọ́."

Láyé àtijọ́, ẹni tó bá ń tọrọ ọmọ á kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn, wọn á lọ kọ ebè sóko àna. Friday kì í ṣe ará oko. Nígbà tí Ìyá Tíṣà ń parí ilé tí ọkọ wọn fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà Iyamoye, ó yọjú síbẹ̀, ó ní:

"Mà, èmi ni màá so gbogbo iná ilé yìí. Iṣẹ́ àna tèmi nìyẹn. Ẹrẹ̀ ò ní kan ṣòkòtò mi, ilé yín á sì mọ́lẹ̀ rokoṣo."

Ìyá Tíṣà wò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. "Haba, Friday! Iṣẹ́ àna tí ẹrẹ̀ ò kàn? Toh, a máa wò ó."

Emmanuella ló gbé àwọn iná náà wá. Iná ara ògiri mẹ́sàn-án, onírin, tí wọ́n kùn láwọ̀ wúrà. Orí itan ló gbé páálí wọn lé nínú ọkọ̀ láti Àbújá dé Kabba kí wọ́n má baà tẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ díẹ̀, kò ní pẹ́. Iná tó bá jẹ́ onírin, wáyà mẹ́ta ló ń wọnú rẹ̀. Méjì ló ń gbé iná lọ, tó ń gbé e bọ̀. Ìkẹta, aláwọ̀ ewé, ni wáyà ilẹ̀. Lójoojúmọ́, ẹ ó rò pé kò níṣẹ́ kankan. Ṣùgbọ́n bí iná bá ṣìnà tó lọ fara kan irin, òun ló máa gbé e wọ ilẹ̀ kíá kí bírékà lè já, kó má di pé ara èèyàn ni iná ń gbà lọ. Gbogbo wáyà aláwọ̀ ewé inú ilé ló ń pàdé lórí ọ̀pá bàbà kan tó ga dé àyà èèyàn, èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi òòlù gbá wọnú ilẹ̀ tán pátápátá.

Friday mọ gbogbo èyí. Godwin, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, ti sọ ọ́ títí etí rẹ̀ fi kún.

Ó wá di ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kejìlá, ọyẹ́ ti mú. Friday ti so iná mẹ́sẹ̀ẹ̀sán mọ́ ògiri, ó ku ọ̀pá. Ó ti fọ́nnu fún Ọmọ́tọ́lá pé bí aago mẹ́rin bá ti ń lù, ìyá rẹ̀ á tẹ súwìṣì. Mẹ́fà nínú àwọn ìyá ìjọ ti jókòó sábẹ́ igi kajú, wọ́n wá wo ọkọ ọmọ níbi iṣẹ́.

Friday gbá ọ̀pá náà lórí, ó wọlé díẹ̀. Ó tún gbá a. Kọ́! Àpáta.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Kabba, ẹ mọ̀ pé àpáta kì í jìnnà sí àtẹ́lẹsẹ̀ wa níbẹ̀. Ọ̀pá náà kò wọlé ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Godwin ti kọ́ ọ ní ohun tí wọ́n ń ṣe sírú èyí: "Bí àpáta bá dí ọ lọ́nà, ṣí lọ síbòmíì. Ilẹ̀ ò tán." Ibòmíì ọ̀hún sì wà lẹ́yìn ilé, nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀. Ṣùgbọ́n á ní láti gbẹ́ kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ yí ilé ká kí wáyà tó débẹ̀.

Ó wo ṣòkòtò rẹ̀. Ó wo àwọn ìyá ìjọ. Ó wo aago: ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́rin lù.

Ọkàn kan sọ fún un pé, "Friday, ta ló máa walẹ̀ wò ó?"

Ọkàn kejì ní, "Ọlọ́run ń wò ọ́."

Ọkàn àkọ́kọ́ ní, "Ọlọ́run kì í ṣe oníṣẹ́ iná."

Ni Friday bá nàró, ó kọjú sábẹ́ igi kajú, ó ní, "Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo ibí o. Ohun tí mo fẹ́ ṣe yìí lè ta yín lójú."

Ẹ gbà mí! Àwọn abiyamọ mẹ́fà fi ìborùn bojú. Friday fa ayùn irin yọ, ó gé ọ̀pá náà, ó ti èyí tó ṣẹ́kù sínú àpò irinṣẹ́. Ó gbá kúkúrú náà tẹ́ ilẹ̀, ó so wáyà aláwọ̀ ewé mọ́ ọn lórí, ó wọ́ yanrìn bò ó. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣí ojú, ó ti ń nu ọwọ́.

"Ṣé ó wọlé tán?" Ìyá Tíṣà bi í.

"Ó wọlé, Mà. Ọ̀pá yẹn ti bá ilẹ̀ mulẹ̀."

Ì bá mà dákẹ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ kí ìyá ìyàwó mọ̀ pé òun kàwé kì í mọ ibi tó yẹ kó dúró. Ó fi kún un: "Àràárọ̀ ni kẹ́ ẹ máa da omi sí ìdí rẹ̀, Mà. Ilẹ̀ tútù ló ń gba iná dáadáa."

Ìyá Tíṣà mú ìwé, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Aago mẹ́rin lù, wọ́n tẹ súwìṣì, iná mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tàn. Àwọn ìyá ìjọ hó yèè. Ìyá Tíṣà gbọ́wọ́ lé Friday lórí, wọ́n sì gbàdúrà fún un pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò ní dójú tì í. Ó sọ fún mi pé àdúrà yẹn dun òun ju èébú lọ.

Ní ọjọ́ kejì, NẸ́PÀ mú iná lọ, odindi ọ̀sẹ̀ méjì. Àwa tó kù ń ṣépè. Friday nìkan ló ń dúpẹ́ lọ́kàn rẹ̀, torí ibi tí kò bá sí iná, kò sí ẹni tó máa bèèrè wáyà ilẹ̀.

Iná dé padà nínú oṣù Kìíní. Eruku ọyẹ́ ti bo gbogbo nǹkan. Ìyá Tíṣà rẹ aṣọ sómi, wọ́n fún un, wọ́n fẹ́ nu iná ẹnu ọ̀nà.

"Yéè! Ó gbé mi! Ọmọ́tọ́lá, ó gbé mi o!"

Kò ṣe wọ́n ní nǹkan ju kí ọwọ́ wọn kú tipiri lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ba Ọmọ́tọ́lá. Ó pe Friday.

Friday sáré dé, ó fi tẹ́sítà, èyí tó máa ń tàn bí iná bá wà lára nǹkan, kan irin iná ẹnu ọ̀nà. Ó tàn. Ó kan ìkejì, ó tàn. Ó kàn wọ́n títí dé orí ìkẹsàn-án, gbogbo wọn ló ń tàn. Ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé wáyà ti fara kan irin níbì kan, nínú ọ̀kan péré nínú wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tó jẹ́ pé wáyà aláwọ̀ ewé ló so gbogbo wọn pọ̀, tí ilẹ̀ kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn, àìsàn ọ̀kan ti ran mẹ́jọ tó kù.

Gbogbo ohun tó yẹ kó sọ kò ju, "Mà, ẹ pa iná, mo ṣe àṣìṣe." Ó la ẹnu, ohun tó jáde ni:

"Mà, àwọn iná yìí... ayédèrú ni wọ́n."

"Ayédèrú? Èyí tí Emmanuella rà?"

"Ọjà ìsinsìnyí, Mà. Èèyàn ò mọ ojúlówó mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ nù wọ́n, ẹ sáà máa wọ bàtà rọ́bà."

Bí Ìyá Tíṣà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọ bàtà òjò nínú ilé nìyẹn, nínú ọyẹ́, tí òjò ò rọ̀ níbì kankan.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn kan náà, wọ́n gún iyán fún Friday, wọ́n sì pe Emmanuella lórí fóònù bó ṣe ń jẹun lọ́wọ́.

"Emmanuella, ìwọ lo ra ayédèrú iná fún ìyá rẹ? Ó gbé mi lónìí."

"Ayédèrú kẹ̀? Mama, mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà á."

"Oníṣẹ́ iná ló sọ ọ́. Àbí ìwọ mọ iṣẹ́ rẹ̀ jù ú lọ ni?"

Emmanuella ní, "Ó dáa, Mà. Ẹ má bínú." Ó pa fóònù.

Iyán náà kò dùn lẹ́nu Friday mọ́. Ṣùgbọ́n ó jẹ ẹ́ tán, nítorí náà ẹ má tíì ṣàánú rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni Emmanuella kò ti pe ìyá rẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi bó ṣe máa ń ṣe. Ìyá Tíṣà náà ò pè é. Ńṣe ni wọ́n ń sọ fún àwọn ìyá ìjọ pé ọmọ tí àwọn bí, tí àwọn tọ́, ló lọ ra ìràkurà wálé. Ọmọ́tọ́lá wà láàárín.

"Àǹtí mi sunkún lánàá," ó sọ fún Friday. "Ó ní òun ò tiẹ̀ lè na ẹsẹ̀ nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn nítorí páálí iná. Friday, ṣé ó dá ọ lójú pé iná yẹn ni?"

"Ó dá mi lójú."

Friday ní bí òun ṣe sọ ọ́ tán ni òun fẹ́ gé ahọ́n òun. Ṣùgbọ́n kò gé e. Ó pète pé òun á dọ́gbọ́n tún un ṣe láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ tí Ìyá Tíṣà lọ bá ẹbí kan kẹ́dùn ní Iyah-Gbede, ó gbé dìgà, ó wọ ògbólógbòó ṣòkòtò, ó gba ilé àna lọ.

Kí ló bá níbẹ̀? Tẹ̀tẹ̀! Ìyá Tíṣà ti ń da omi sí ìdí ọ̀pá láràárọ̀ bó ṣe pa á láṣẹ. Wọ́n wá rí i pé ilẹ̀ tútù kan ń jókòó lásán ní àárín ọ̀gbẹlẹ̀. Tíṣà ò sì lè rí ohun tó ń jókòó lásán kó má fún un níṣẹ́. Wọ́n gbin tẹ̀tẹ̀ síbẹ̀, wọ́n ṣọgbà yí i ká.

"Má fọwọ́ kan ẹ̀fọ́ Mama o," Ọmọ́tọ́lá kígbe láti ojú fèrèsé. "Wọ́n mọ iye ewé tó wà níbẹ̀. Kí lo fẹ́ fi dìgà ṣe?"

"Mo kàn ní kí n kí yín ni."

"Pẹ̀lú dìgà?"

Friday rẹ́rìn-ín ìyàngì, ó gbé dìgà rẹ̀ padà sílé.

Ó di inú oṣù Kejì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Tọ́sìdeè kan, Ìyá Tíṣà ránṣẹ́ pe Friday pé tẹ̀tẹ̀ ti tó jẹ, ìmọ̀ràn rẹ̀ ló so èso, kó wá bá àwọn jẹ nínú rẹ̀. Ó wọ ṣòkòtò funfun lọ.

"Okun o, Mà," ó kí wọn bí a ṣe ń kí ara wa ní Kabba.

"Okun, ọkọ ọmọ mi. Jókòó, kí n fa ẹ̀fọ́."

Wọn ò wọ bàtà, wọ́n dúró nínú ilẹ̀ tútù, wọ́n ń fa tẹ̀tẹ̀ tigbòǹgbò tigbòǹgbò. Ó ku èyí tó tóbi jù, láàárín. Wọ́n fà á, kò wá. "Kai! Èyí mú ilẹ̀ o." Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú nísàlẹ̀.

"Mà, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀..."

Ó já wá. Tẹ̀tẹ̀ jáde, gbòǹgbò rẹ̀ sì wé mọ́ ìgbọ̀nwọ́ bàbà kan, tí wáyà aláwọ̀ ewé ṣì wà lórí rẹ̀.

Àwọn àgbà ní tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́. Òótọ́ ni, tẹ̀tẹ̀ kọ́ ló tẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ìyá Tíṣà gbé e sókè, wọ́n wò ó, wọ́n wo Friday. "Ọ̀pá tó o gbé wá sílé yìí, ó ga dé àyà rẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Ìwọ lo wá ga sí i ni?"

Friday ò gbọ́ yẹ̀yẹ́ náà. Ohun tí Ìyá Tíṣà kò tíì rí ló ń wò: ọwọ́ méjèèjì lórí bàbà, ẹsẹ̀ lásán nínú omi, wáyà tó gba ara irin mẹ́sẹ̀ẹ̀sán wá. Ó ní, "Mà... ṣé iná wà?"

"NẸ́PÀ mú un lọ láàárọ̀."

Friday dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀ tẹ̀tẹ̀, tòun ti ṣòkòtò funfun, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: àpáta, ayùn, àwọn ìyá tó ní kí wọ́n bojú, àti orúkọ Emmanuella tó bà jẹ́. Ó ń sunkún. Ó ní kì í ṣe ìyàwó tó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun ló ń pa òun lẹ́kún, ọwọ́ méjì yẹn ni.

Ìyá Tíṣà ò lù ú. Wọ́n ṣe ohun tó burú jù ú lọ, wọ́n bi í ní ìbéèrè.

"Kí ni ìtumọ̀ ọ̀dàlẹ̀?"

"Mà?"

"Mo ní kí ni ìtumọ̀ ọ̀dàlẹ̀. Já ọ̀rọ̀ náà sí wẹ́wẹ́."

"Ẹni... ẹni tó da ilẹ̀, Mà."

"O ní ọ̀pá yìí ti bá ilẹ̀ mulẹ̀. Ilẹ̀ ò mọ̀ ọ́n rí."

Ọmọ́tọ́lá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Nígbà tí mo bi ọ́, o ní ó dá ọ lójú. O mọ̀?"

"Mo mọ̀."

Ọmọ́tọ́lá wọlé lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ìyá Tíṣà mú fóònù wọn. Friday dìde jókòó, ó ń to ẹ̀bẹ̀ tó máa bẹ̀ lọ́kàn, ṣùgbọ́n Ìyá Tíṣà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Emmanuella, ìyá rẹ ni. Má bínú. Mo pè ọ́ ní ohun tó ò jẹ́, mo sì sọ ọ́ létí àwọn èèyàn. Má bínú, ọmọ mi."

Ẹ gbọ́, kò sí ẹni tó gbọ́ "má bínú" rí lẹ́nu Ìyá Tíṣà, bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn tí wọ́n ti ṣì nà. Friday ní ilẹ̀ ì bá lanu kó gbé òun mì. Nígbà tí fóònù kàn án, ó sọ tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò dín in. Bó ṣe parí, Emmanuella pa fóònù.

Godwin fúnra rẹ̀ ló wá bójú tó àtúnṣe. Wọ́n pa iná láti orísun, wọ́n tú àwọn iná náà wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú ìkẹta ni wọ́n ti bá skúrù tó ti jẹ wáyà pupa tó ń gbé iná wá láti ọjọ́ tí Friday ti ń kánjú. Friday gbẹ́ kòtò yí ilé ká dé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta gbáko, Ìyá Tíṣà jókòó sábẹ́ igi kajú. "Kò tíì jìn tó," ni wọ́n ń sọ, kódà nígbà tó ti jìn tó. Wọ́n gbá odindi ọ̀pá wọlé. Godwin wá mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí iná fara kan irin ọ̀kan láti fi dán an wò, bírékà sì já lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ lẹ́tà kò sún. Emmanuella kò tíì ní bẹ́ẹ̀ ni. Bí Friday bá dé, Ọmọ́tọ́lá á ní "Okun", á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bàbá Friday ti kọ lẹ́tà ìtọrọ sílẹ̀ tipẹ́, ó ń gbé e láti ìdí ìrọ̀rí bọ́ sínú àpótí. Friday rù.

Ní Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde, ọ̀sán gangan, Emmanuella sọ̀kalẹ̀ níwájú ilé. Friday wà níbẹ̀, ó wá bá ìyá ìyàwó rẹ́ igi kajú. Ó sáré dọ̀bálẹ̀.

"Okun o, Àǹtí."

"Okun." Emmanuella gbé báàgì sílẹ̀. "Ṣé iná wà?"

"Ó wà, Àǹtí."

Emmanuella bọ́ bàtà rẹ̀. Ó bu omi nínú kẹ́tùrù, ó dà á sí àtẹ́lẹwọ́. Ìyá Tíṣà àti Ọmọ́tọ́lá jáde wá, wọ́n ń wò ó. Ó rìn lọ síwájú iná ẹnu ọ̀nà.

"Wọ́n ní o ti tún un ṣe. Ṣé ó dá ọ lójú?"

Friday ní, "Ó dá mi lójú."

Emmanuella na ọwọ́ tútù náà. Kí ó tó débẹ̀, Friday ti fò dìde, ó ti ki àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ mọ́ irin náà.

"Kí ló dé? O ní ó dá ọ lójú."

"Ó dá mi lójú, Àǹtí. Godwin sì ti dán an wò. Ṣùgbọ́n bí mo bá tún ṣe àṣìṣe, èmi ni kó gbé."

Emmanuella fi ọwọ́ tirẹ̀ kan irin náà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n lọ bẹ́ẹ̀ yí gbogbo ilé ká, Friday níwájú, Emmanuella lẹ́yìn, títí dé orí ìkẹsàn-án. Kò sí èyí tó gbé ẹnikẹ́ni. Ó nu ọwọ́ sára aṣọ rẹ̀, ó yíjú sí ìyá rẹ̀.

"Mama, ẹ ní kí wọ́n gbé lẹ́tà wọn wá."

"O ò ní bi í ní nǹkan kan?"

"Mo ti bi í, Mà. Ó ti dáhùn."